Ẹ má yọ òkúta kúrò nínú ìṣirò yín o

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń ka soil science (ìmọ̀ nípa ilẹ̀), pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wá ṣe Másításì lápá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ n sọ bí òkúta ṣe dójú tì mí. Nílé, yangí la mọ̀, tí díígà bá ti kan yangí a mọ̀ pé iṣẹ́ dé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbẹ́ ihò lórí òkè kan nítòsí Las Cruces ní New Mexico, ilẹ̀ tí màlúù ń jẹko lórí ẹ̀, mi ò tíì gbẹ́ ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ tí ṣọ́bìrì fi ń ró káń káń, mo ní àpáta rèé. Kì í ṣe àpáta. Nǹkan funfun bí ẹfun ni, tó ti dì bíi kọnkéré, caliche ni wọ́n ń pè é. Ọ̀gá mi kán ásíìdì sí i, ó sì hó yeee bí ọṣẹ.

Òjò ibẹ̀ lọ́dún ò fi bẹ́ẹ̀ ju mílímítà 250 lọ (Ìbàdàn ń rí ju 1,000), ìdajì ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló sì ń rọ̀ láàárín July sí September. Omi yẹn ò pọ̀ tó láti fọ kálísíọ̀mù jáde nínú ilẹ̀, ibi tó bá rìn dé náà ló máa gbẹ sí, á fi funfun yẹn sílẹ̀. Abẹ́ òkúta ló ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ lomi máa ń so rọ̀ sí kó tó gbẹ. Ilẹ̀ olókúta ló sì máa ń tètè dì, torí àyè tó kù láàárín àwọn òkúta kéré, kì í pẹ́ kún. Àwọn tó ṣe Desert Project, iṣẹ́ ìwádìí lórí ilẹ̀ aṣálẹ̀, ládùúgbò yẹn láti 1957 ti tú ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fa òkúta yọ tẹ́ ẹ rí i pé òkè ẹ̀ ló funfun, nǹkan kan ti yí i padà nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó kan ìtìjú mi wàyí. Mo kó erùpẹ̀ wálé, mo jọ̀ ọ́ bí ẹní ń jọ èlùbọ́, asẹ́ mílímítà 2, mo da òkúta nù, mo wá fi èyí tó kúnná ṣírò omi tí ilẹ̀ lè dì mú. Mo rí mílímítà 60 nínú sẹ̀ǹtímítà 40 yẹn, inú mi dùn. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní òkúta tó gba ìdajì ihò yẹn ńkọ́, ṣé òun náà ń mu omi ni? Mílímítà 30 ló jẹ́.

Mo tún sáré lọ wọn òkúta lórí òṣùwọ̀n, mo tún ṣì í. Òkúta wúwo ju erùpẹ̀ lọ, kì í ṣe bó ṣe wúwo la ń wá, àyè tó gbà ni. Tí òkúta bá kó kílò 60 nínú 100, ó lè má gbà ju bíi 42 nínú 100 lọ nínú ihò. Tí àyè tí òkúta gbà bá ti tó 35 nínú 100, orúkọ ilẹ̀ náà gan-an máa yí padà nínú ìwé USDA (iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà), wọ́n á kọ skeletal mọ́ ọn, ìyẹn ni pé òkúta pọ̀ nínú ẹ̀.

Ẹ má wá tìtorí ẹ̀ pe ilẹ̀ náà ní ilẹ̀ burúkú ṣá. Òjò tí ò tó nǹkan máa ń wọlẹ̀ jìn níbẹ̀ torí erùpẹ̀ tó máa mu ún ò pọ̀, òkúta orí ilẹ̀ sì ń gba ìlù òjò àti oòrùn fún erùpẹ̀ abẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá ṣa òkúta yẹn kúrò kí ilẹ̀ lè mọ́, ọ̀gbàrá á bá a gbá ìyókù lọ.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn àyè yẹn, ẹ fi páìpù onírin tí wọ́n ń gbá wọlẹ̀ láti fi bu erùpẹ̀ sílé, òkúta á tẹ̀ ẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré, ẹ kó gbogbo ohun tó jáde pamọ́, tòkúta tòkúta, ẹ tẹ́ náílọ̀n sínú ihò náà, kẹ́ ẹ wá máa wọn omi tẹ́ ẹ ń rọ sí i títí á fi kún dé ẹnu, iye omi yẹn ni àyè ihò náà. Kẹ́ ẹ sì gbé omi tó pọ̀ dání o, mo ti fi omi mímu mi kún un rí, tí mo wá gbẹnu gbígbẹ sọ̀kalẹ̀ látorí òkè.