Abọ́ tí wọ́n fi kútẹ́sì sàmì sí

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Ìkòyí kí n tó lọ́kọ. BQ ni mo ń sùn, ilé ẹ̀yìn yẹn tí wọ́n ti ń kọ́ fún kúkù àti ìránṣẹ́ láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ìjọba ti ń gbé Ìkòyí. Màdáámù kì í lù mí, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n abọ́ mi àti ife mi wà lọ́tọ̀. Ike ni méjèèjì, wọ́n sì kun kútẹ́sì pupa sí ìdí wọn kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì wọ́n mú.

Lọ́jọ́ kan, ìyá ọ̀gá dé láti Ìjẹ̀bú-Òde. Màmá ní òtútù AC pálọ̀ ń wọ àwọn légungun, ni wọ́n bá wá jókòó tì mí ní kíṣìnì. Kí n tó yíjú padà, wọ́n ti mú abọ́ mi, wọ́n ti bu ìkọ́kọrẹ́ sí i. Bí màdáámù ṣe wọlé báyìí, wọ́n lọgun:

“Ẹ̀ẹ́! Màmá, ẹ má jẹun nínú ìyẹn o!”

“Kí ló ṣe é, ìyàwó mi? Ṣé májèlé wà nínú ẹ̀ ni?”

Màdáámù ò rí èsì fọ̀. Màmá gbé abọ́ náà sókè, wọ́n wo ìdí ẹ̀, wọ́n wò mí, wọ́n wá wo èékánná màdáámù. Kútẹ́sì kan náà ni.

“Ọwọ́ tó ro ìkọ́kọrẹ́ yìí ńkọ́? Ṣé o ti sàmì sí ìyẹn náà?”

Dírẹ́bà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Nígbà tó yá, màdáámù náà bú sẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sí wọn lójú. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n fi òwú nu àmì yẹn kúrò fúnra wọn.

Gbàgádà ni mò ń gbé báyìí, èmi náà sì ní ẹni tó ń bá mi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gba ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ owó kó tó gbé báàgì ẹ̀ wọlé. Àkáǹtì ọmọ náà gan-an ni kẹ́ ẹ máa san án sí, kì í ṣe ti ẹni tó mú un wá. Odindi ọdún kan ni owó oṣù mi fi ń lọ sọ́dọ̀ àǹtí tó mú mi wá, mi ò fojú kan kọ́bọ̀. Láti 2024, 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí lórílẹ̀-èdè yìí, ìjọba Èkó sì ń san 85,000 fún òṣìṣẹ́ tiwọn. Òfin yẹn ò kan ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá ti tó 25, torí náà kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè. Ẹ bi ara yín. Ẹ má sì gba ọmọdé. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà l’Ékòó láti 2007.

Abọ́ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó ni ọmọ ọ̀dọ̀ tèmi fẹ́ràn jù. Ó fọ́ ọ̀kan lóṣù tó kọjá. Mo bá a ra òmíràn ní Balógun.