Ẹ̀yin Àbúrò Tó Ń Wọ Òwò Kòkó, Ẹ Máa Béèrè Ẹ̀dà Ìwé

Láti ìgbà tí kòkó ti gbówó lórí, ó pẹ́ tán ọ̀dọ́ kan á pè mí láàárín ọ̀sẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ máa kó kòkó lọ sókè òkun." Ìyẹn dára. Àmọ́ ohun tó ṣe àwọn tó ṣíwájú yín ló tún ń ṣe yín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 12,000 dọ́là ní New York, nítorí àìsàn igi àti ojú ọjọ́ burúkú tó ba oko jẹ́ ní Côte d'Ivoire àti Gánà, àwọn méjèèjì tó ń pèsè ju ìdajì kòkó ayé lọ. Làwọn kan bá sáré lọ yáwó èlé, wọ́n kó kòkó pamọ́, wọ́n ń retí kó tún lé sí i. Kí ọdún 2025 tó parí, iye náà ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Báǹkì ò dín èlé tiẹ̀ kù.

Gíréédà ni mí, ẹni tó ń yẹ kòkó wò bóyá ó dára tó láti tà, mo sì ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní, ìlú London àti New York ni wọ́n ti ń dá iye lé kòkó, àwọn tí kò rí igi kòkó rí ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Láyé Board, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó sì ń tà á sókè òkun, ìjọba ló dúró láàárín. Board ń rẹ́ àgbẹ̀ jẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ṣùgbọ́n lára owó kòkó yẹn náà ni wọ́n fi rán ọmọ wa nílé ìwé ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn lọ́dún 1955, òun ni wọ́n sì fi kọ́ Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀. Lọ́dún 1986 ìjọba tú Board ká. Láti ìgbà náà, bí ọjà bá gbọ̀n ní London, àgbẹ̀ Ìdànrè ló ń gbọ̀n.

Èkejì, náírà. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí náírà já ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, owó àgbẹ̀ pọ̀ sí i láìjẹ́ pé kòkó wọ́n sí i ní dọ́là. Ó yọ̀. Lẹ́yìn náà ló lọ ra oògùn tí yóò fín sí oko, èyí tí wọ́n ń fi dọ́là rà wọlé, ẹnu rẹ̀ wọhò.

Ẹ̀kẹta ni ìwé àdéhùn. Kòkó lè jáde ní Àpápá láìlábùkù, kó jẹ́ pé àyẹ̀wò tí wọ́n bá ṣe fún un ní Amsterdam ni yóò sọ iye tí wọ́n máa san. Ẹni tí àdánù máa bọ́ sí lọ́rùn láàárín ibi méjèèjì, inú ìwé ló wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀.

Ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ ló gbà mí sí sítọ́ọ̀ wọn nílùú Oǹdó. Kòkó àsìkò òjò là ń rà. Bí àpò bá wọlé, màá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìdí, màá bu kòkó sọ́wọ́, màá fún un pọ̀ kí n gbọ́ bóyá ó ń dún pàrà, kí n tó fi ẹ̀rọ wo omi inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a óò ka ẹyọ 300, a óò fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì, a óò tẹ́ wọn sórí pátákó. Èyí tó bu, èyí tí kòkòrò jẹ, èyí tí inú rẹ̀ rí bíi síléètì nítorí àgbẹ̀ ò fi ewé bò ó pẹ́ tó, gbogbo rẹ̀ là ń kà. Bí èyí tó bu bá ju 3 lọ nínú 100, kò lè jẹ́ Grade I.

Màmá kan wà tó máa ń kó kòkó wá láti Ilé-Olújì. Omi 7 nínú 100 ni ẹ̀rọ sọ pé ó wà nínú tiẹ̀, ọjà òkè òkun ò sì fẹ́ kó ju 8 lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo fún Màmá ní ẹ̀dà.

Nígbà tí kòkó máa wọ kọ̀ntẹ́nà, mo ní kí wọ́n ra bébà tí wọ́n ń tẹ́ sínú rẹ̀ àti àwọn àpò kéékèèké tó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu. Ọ̀gá ní ìnáwó òfò ni.

Tírélà dé ọ̀nà Àpápá, ó dúró. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn láyé ìgbà náà mọ ohun tí mò ń sọ: tírélà tò lọ bẹẹrẹ lórí afárá, àwọn awakọ̀ ń dáná oúnjẹ lábẹ́ ọkọ̀. Ó ju oṣù kan lọ tí kòkó wa fi wà nínú òjò. Lọ́sàn-án, irin á gbóná, omi á gòkè láti inú kòkó. Lálẹ́, òrùlé kọ̀ntẹ́nà á tutù, omi náà á máa kán padà sórí àpò. Bí kòkó tó gbẹ ṣe ń bu nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ṣí i ní Amsterdam, gbogbo àpò òkè ti bu. Ẹni tó rà á gé owó, bí ìwé ṣe fún un láṣẹ. Títí dé ibẹ̀, mi ò bínú. Òyìnbó ka ìwé rẹ̀ ni. Àwọn ọ̀gá wa ló bí mi nínú, wọ́n sì ń bí mi nínú di òní. Wọ́n ṣì jẹ àwọn tó kó kòkó wá ní owó. Wọ́n pè wọ́n jọ, wọ́n ní kòkó wọn ò gbẹ, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé owó náà.

Màmá yọ ẹ̀dà tí mo fún un jáde látinú ọ̀rá. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣebí ìwọ lo kọ ọ́?" Mo ní èmi ni, mà. Ọ̀gá pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kí n kọ òmíràn, kí n fi 9 síbi tí 7 wà. Mo ní ọwọ́ mi ò ní kọ ọ́. Wọ́n rí ẹni tó kọ ọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé mi lọ sí sítọ́ọ̀ kan ní Ìkòròdú, níbi tí kòkó ò ti wọlé rárá, mo bá fiṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn.

Kí ló dé tí ìwé ọwọ́ Màmá ò gbà á? Ìwé mìíràn wà tó ti tẹ̀ka sí ṣáájú, tó sọ pé ìgbà tí àbájáde bá ti òkè òkun dé ni wọ́n máa san owó tó kù. Kò sẹ́ni tó kà á sí i létí. Kò sẹ́ni tó fún un ní ẹ̀dà. Oníbàárà Amsterdam ní ẹ̀dà tiẹ̀, ọlọ́kọ̀ ojú omi ní, báǹkì ní, ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ní. Ẹni tó gbé kòkó látinú oko wá nìkan ni kò ní, òun náà ló san gbèsè òjò Àpápá. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé bí òwò àgbáyé ṣe ń rí nìyẹn. Èèyàn ló jókòó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń pariwo báyìí ni pé ìwé mìíràn ti dé. Lọ́dún 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin pé kòkó tó bá wá látorí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn, ẹni tó ń kó o wọlé sì gbọ́dọ̀ fi ibi tí oko wà gan-an hàn. Wọ́n ti sún ìgbà tí òfin náà máa mú èèyàn síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ò dúró dè é. Ẹ̀yin àbúrò mi ni wọ́n ń gbà síṣẹ́, tí ẹ ń gbé fóònù yí oko àgbẹ̀ ká láti fi ya máàpù rẹ̀. Mo bá ọ̀kan pàdé lẹ́bàá Ìdànrè. Ó wọn oko bàbá kan tán, ó ní kí bàbá tẹ̀ka, ó ki ìwé bọ àpò. Mo ní, èyí tí bàbá máa mú dání dà? Ó ní wọn ò sọ fún òun pé kí òun fún un.

Bàbá tí kò ní máàpù oko rẹ̀ lọ́wọ́, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló máa lè tà fún, iye tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n máa san. Bí wọn ò bá fún yín ní ẹ̀dà tí ẹ máa pín, ẹ da àwọn nọ́ńbà tí fóònù yẹn fi ń sọ ibi tí oko wà kọ sórí bébà lásán, kí ẹ kọ déètì sí i, kí ẹ sì fi lé àgbẹ̀ lọ́wọ́ kí ẹ tó kúrò lóko rẹ̀.