Tòmátì Wẹ́wẹ́ Lẹ́yìnkùlé Wa

Inú ike ọ̀dà mẹ́rin tí mo lu ihò sí nídìí ni mo gbin tòmátì wẹ́wẹ́ sí lẹ́yìnkùlé wa ní Àkúrẹ́, irú èyí tí èso rẹ̀ fi díẹ̀ tóbi ju ọmọ ayò lọ. Oṣù Kẹfà ni mo kọ́kọ́ gbìn ín, àṣìṣe gbáà sì ni, nítorí pé òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá mú kí ewé ìsàlẹ̀ kún fún àmì dúdú, àwọn èso tó ń pọ́n sì ń là, bí omi inú wọn ti pọ̀ ju ohun tí awọ wọn lè gbà lọ. Nígbà tí mo tún un gbìn ní oṣù Kẹwàá, mo fi ọ̀pá ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, ìdí rẹ̀ nìkan ni mo sì ń bu omi sí láràárọ̀. Màmá mi ní kí ni àwọn fẹ́ fi irú tòmátì bẹ́ẹ̀ sè. Síbẹ̀, àwọn gan-an ni wọ́n ń já a jẹ ní tútù kí n tó jí.