Ẹrù yín sọnù ni, àbí ọ̀kadà ló gbá yín?

Ohun tí mo ti kọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn dispatch, àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù fún èèyàn, l'Ákùúrẹ́ ni pé ọ̀nà méjì ló wà, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀.

Bó bá jẹ́ ẹrù ló sọnù, ẹ má bá iléeṣẹ́ jiyàn bóyá òṣìṣẹ́ wọn ni ọmọ tó gbé ẹrù náà. Àwọn lẹ san owó fún, ẹni yòówù tí wọ́n bá rán, iṣẹ́ wọn ló ń jẹ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì, àwòrán ẹrù àti ẹ̀rí iye tẹ́ ẹ rà á. Bí wọ́n bá na ìwé "a ò ní san ohunkóhun" sí yín, FCCPA, òfin ọdún 2018 tó ń dáàbò bo oníbàárà, ò gbà kí oníṣòwò fi ìwé bọ́ nínú àdánù tí àìbìkítà ńlá tirẹ̀ fà. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni kí ọmọ náà ní, "Màámi, ẹ fagi lé e lórí app, ẹ sanwó sí àkáǹtì mi, màá dín in fún yín." Ẹni tó bá gbà ti já iléeṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún náírà tẹ́ ẹ lè rí gbà níbẹ̀ ò tó nǹkan.

Bó bá jẹ́ ọ̀kadà ló gbá yín ní Ọba Adésidà, ó le díẹ̀. Ọ̀gá ló ń dáhùn fún àṣìṣe òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, òun ló máa dáhùn. Nínú ẹjọ́ Shena Security àti Afropak lọ́dún 2008, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá òṣìṣẹ́ ni ẹnì kan tàbí ó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀: ṣé owó oṣù ni àbí kọmíṣọ̀n, ta ló ni irinṣẹ́, ta ló ń yan wákàtí, ṣé ó lè bẹ ẹlòmíì níṣẹ́ náà. Torí náà, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ọ̀kadà, orúkọ ara àpótí, aṣọ, àti ojú app tó fi aago iṣẹ́ hàn. Aago yẹn ṣe kókó: bó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń lọ kí, iléeṣẹ́ á yọ ọwọ́.

Kẹ́ ẹ tó pe agbẹjọ́rò, ẹ bèèrè ìnṣọ́ránsì third party, èyí tó ń sanwó fún ẹni tí ọkọ̀ bá ṣe léṣe. Dandan ni lábẹ́ òfin, kì í sì í wò ó bóyá òṣìṣẹ́ ni tàbí kọ́ńtíráktọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lórí askNIID, ojú òpó tí wọ́n ti ń yẹ ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ wò; ayédèrú ìwé pọ̀.

Ẹ gba ìwé ọlọ́pàá, ẹ kọ lẹ́tà kan náà sí ọmọ náà, iléeṣẹ́ àti ẹni tó ni ọ̀kadà. Ẹ má gbé e lọ sí National Industrial Court tó wà l'Ákùúrẹ́, ìjà òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá ni tibẹ̀. Májísíréètì tàbí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti ìpínlẹ̀ ni tiyín.