Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí ẹ ti rí i: ẹ̀kọ́ tí olú waxcap kọ́ mi

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da olú méje nù tán ni, inú ṣì ń bí mi. Waxcap ni gbogbo wọn, àwọn olú tí pelebe abẹ́ orí wọn dà bí àbẹ́là. Inú ọ̀rá kan náà ni mo kó wọn sí láti òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo tú u nílé, wọ́n ti fọ́ mọ́ ara wọn bí ọbẹ̀ ilá àná. Gliophorus psittacinus, ọ̀kan lára wọn, tó jẹ́ aláwọ̀ ewé nígbà tí mo wú u ti di yẹ́lò. Hygrocybe conica, irú mìíràn, ti dúdú bí èédú. Fọ́tò tí mo yà kò ju méjì lọ, láti òkè ni méjèèjì.

Ibi tí ẹ bá ti rí waxcap ni kí ẹ ti kọ ìrísí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ lè mọ irú èyí tó jẹ́. Ní Britain, pápá ni wọ́n ti sábà ń wá a; lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, abẹ́ igi oak àti mápù ni, lẹ́bàá odò, láàárín ewé jíjẹrà, láti July títí di October, lẹ́yìn òjò.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè àti ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ fi ọ̀bẹ wú u tìdítìdí, ẹ má gé e, torí àwọ̀ ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì. Ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ ya abẹ́ rẹ̀: pelebe rẹ̀, ìyẹn àwọn ohun bí ojú ewé ìwé tó tò sábẹ́ orí rẹ̀, máa ń nípọn, wọ́n jìnnà síra, wọ́n sì dà bí àbẹ́là lọ́wọ́. Ṣé orí rẹ̀ ń yọ̀ bí ilá? Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Gliophorus laetus lè máa rùn bí rọ́bà tó jóná. Ẹ má sọ fún mi pé fọ́tò wà o, fọ́tò kì í gbóòórùn. Ẹ kọ àwọ̀ pelebe sọ́tọ̀ sí ti orí: orí Humidicutis marginata máa ń ṣá, pelebe rẹ̀ kì í kúrò ní àwọ̀ ọsàn.

Àpótí oníyàrá kéékèèké táwọn apẹja ń kó ìwọ̀ sí ló dára, olú kan sí yàrá kan, kí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti fọ́tò mu. Abẹ́ igi máa ń da GPS fóònù rú. Ẹ dúró kí àmì rẹ̀ fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó fi ibi tí ẹ wà pamọ́ sórí fóònù. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ìjọba, ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó wú ohunkóhun.

Nílé, ẹ gbé orí kan lé bébà dúdú, kí pelebe kọjú sílẹ̀, ẹ fi ife bò ó mọ́jú. Lẹ́búlẹ́bú funfun, ìyẹn spore tí olú fi ń bí sí i, ló máa dà sórí bébà. Ẹ sá ìyókù sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ èso, ní nǹkan bí 40°C. Bó bá gbóná jù, ẹ ti sè é nìyẹn. Tó bá ti ń ró bí ìpékeré, ẹ kó o sínú ọ̀rá pẹ̀lú silica, àwọn hóró tó ń fa ọ̀rinrin mu. Àwọ̀ rẹ̀ á ti lọ nígbà náà. Ohun tí ẹ kọ sínú igbó ló kù.