Písítìnì Ẹ̀yìn Kì í Ṣe Títẹ̀

Bí mo ti ń bọ̀ láti Ìdànrè sí Àkúrẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro nígbàkúùgbà tí mo bá tẹ bíréèkì. Pádì ni ohun tó ń fún díìsìkì, irin róbótó tó ń yí pẹ̀lú táyà, kí ọkọ̀ lè dúró. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára pádì tí yóò máa ha díìsìkì nígbà tí pádì bá ti fẹ́ jẹ tán, kí etí awakọ̀ lè gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí. Honda Accord ọdún 2005 ni mo ń wà, irú èyí tí a ń pè ní "End of Discussion", ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pádì ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì parí ní tèmi.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mẹkáníìkì kan bá mi pààrọ̀ pádì yìí kan náà. Ó fi irin ìfúnpọ̀ tẹ písítìnì ẹ̀yìn (irin tó ń ti pádì mọ́ díìsìkì láti inú kálípà, ilé irin tó gbé pádì dání) gẹ́gẹ́ bí ó ti tẹ ti iwájú. Nígbà tí kò wọlé, ó fi kún agbára títí kálípà fi bàjẹ́, owó pádì sì di owó kálípà. Nínú irú kálípà yìí, písítìnì kan náà ni háńdì bíréèkì ń lò, irin tí a gé ojú rẹ̀ yí ká bíi ti bóòtù ló sì wà nínú rẹ̀ tó ń tì í jáde. Nítorí náà, yíyí ni a ń yí i wọlé, bí ẹni ń de bóòtù. Ọ̀pọ̀ Camry kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí háńdì bíréèkì tiwọn ní dúrọ́ọ̀mù kékeré tirẹ̀ nínú díìsìkì.

Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni mo ṣe é. Mo fi òkúta ti táyà iwájú, mo sọ háńdì bíréèkì kalẹ̀, mo fi spánà 19 dẹ nọ́ọ̀tì kí n tó fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà, mo sì gbé e ka orí sítáńdì, nítorí jáàkì nìkan kò ṣeé fi ẹ̀mí lé lọ́wọ́. Wáyà ni mo fi so kálípà rọ̀, kí ó má baà fi rọ́bà ọ́ìlì rọ̀. Pádì inú ti jẹ ju ti ìta lọ dáadáa: píìnì tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀ ti há. Mo nù ún, mo sì fi gíríìsì bíréèkì sí i.

Lẹ́yìn náà, mo fi pláyà onímú gígùn kọ́ àlàfo ojú písítìnì, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀, ó sì wọlé wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ìjà ọjọ́ yẹn náà nìyí?" ni àbúrò mi tó ń tan iná fóònù fún mi wí. N kò dá a lóhùn.

Orí kékeré tó yọ lẹ́yìn pádì inú gbọ́dọ̀ bọ́ sínú àlàfo písítìnì náà gẹ́lẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, pádì yóò jẹ ní wíwọ́. Nígbà tí mo ṣe ẹsẹ̀ kejì tán, mo jókòó sídìí ọkọ̀, mo sì ń tẹ bíréèkì. Ó kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ pátápátá. Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ léraléra ni ó tó le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ìgbà náà ni mo tó ṣí géètì.