Ìlà tí mo pè ní àlàyé lásán

Ẹ̀yin àbúrò mi, oṣù yìí ló pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń tọ́jú server Linux. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo fẹ́ tò fún yín, torí mo rí bí ẹ ṣe ń kó àwọn script àtijọ́ tó ń tan service (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀) lọ sórí systemd, ètò tó ń tan àwọn service lórí Linux, lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Àkọ́kọ́: nínú fáìlì .service tí systemd ń kà, Requires= ń pe service kejì wá ni, kò sọ èwo ló máa ṣáájú. Láìsí After=, tó ń sọ èyí tí service máa tẹ̀lé, àwọn méjèèjì á jọ gbéra ni. Ẹ kọ méjèèjì.

Èkejì: ẹ ka orí script àtijọ́ kí ẹ tó jù ú nù. Ibí yìí ni ìyà ti jẹ mí. Nínú /etc/init.d, fódà tí àwọn script àtijọ́ ń gbé, mo rí ìlà kan lókè script kan: # Required-Start: $remote_fs. Ṣebí # ló ṣáájú ẹ̀, mo ní àlàyé lásán tí kọ̀ǹpútà kì í kà ni. Mo kọ fáìlì .service tuntun, mo fi After=network.target, tó kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan, sí i, ó ṣiṣẹ́, mo sì ń yangàn. Mi ò mọ̀ pé ìlà yẹn ló ń mú service náà dúró de NFS, ìyẹn fódà orí server mìíràn tí a so mọ́ tiwa láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ká ní mo fi script náà sílẹ̀ bó ṣe wà ni, systemd fúnra ẹ̀ ì bá ka ìlà yẹn, ì bá sì dúró de remote-fs.target, ìyẹn ìgbà tí irú fódà bẹ́ẹ̀ bá ti dé.

Lóru ọjọ́ kan, iná lọ, server tún ara ẹ̀ tan. Service gbéra kí NFS tó dé, ó bá fódà tó ṣófo, ó ṣí fáìlì síbẹ̀, ó ń kọ̀wé lọ. Nígbà tí NFS dé, ó bo fódà yẹn mọ́lẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni service fi ń kọ̀wé sábẹ́ ibi tí ojú ẹnikẹ́ni ò tó, journalctl, tó ń ka àkọsílẹ̀ systemd, ò sì fi àṣìṣe kankan hàn.

Ọ̀gá wa dá ẹni tó ń tọ́jú NFS lẹ́bi níṣojú gbogbo wa. Èmi náà mi orí. Lọ́jọ́ kẹta tí mo yọ NFS kúrò, àkọsílẹ̀ ọjọ́ méjì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo, RequiresMountsFor=, tó ń mú service dúró de fódà tó nílò, ló tún un ṣe. Mo jẹ́wọ́, mo bẹ ọkùnrin náà. Ọ̀gá ò bẹ̀ ẹ́ títí ọkùnrin náà fi fiṣẹ́ sílẹ̀, ìyẹn sì ń dùn mí dòní.

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀kẹta dúró ná. Mo ti ṣí mẹ́rin wò nínú àwọn script tí ẹ kó. Mẹ́ta ló ní $remote_fs lórí, kò sì sí ìkankan nínú .service yín tó ń dúró de NFS. Ẹ má tíì tún server yẹn tan.